Láti Dáínámò Kẹ̀kẹ́ dé Alternator Mọ́tò

Kí ọ̀kadà tó gbòde, kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀, olùkọ́ àti akọ̀wé fi ń rìn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹni tó ń kó iṣu láti oko Èsìẹ́ wá sọ́jà, ẹni tó ń ti Ọ̀mù-Àrán lọ kọ́ ọmọ níwèé ní Àrándùn, Raleigh dúdú ni púpọ̀ nínú wọn ń gùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ẹnu á ra èyí tó ní dáínámò: ìgò irin kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, tó ní orí roboto. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó ti orí ìgò náà mọ́ ara táyà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́, iná iwájú á sì tàn. Bí ẹ bá ń sáré, iná á mọ́lẹ̀ kedere. Bí ẹ bá ń gun òkè, tí ẹsẹ̀ ń falẹ̀, iná á pọ́n, á máa ṣẹ́jú. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ kí àgbà kan lójú ọ̀nà, òkùnkùn dé nìyẹn, àfi kí ẹ tún gun kẹ̀kẹ́.

Ìgò yẹn kò kú pẹ̀lú Raleigh. Ó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo mọ́tò tó ń lo epo bẹntiróòlù tàbí dísù tó ń gba Ọ̀mù-Àrán kọjá lọ sí Ajásẹ́-Ìpo àti Ìlọrin, ó kàn sanra sí i ni. Alternator là ń pè é. Ẹni tó bá ti lóye ohun tí dáínámò kẹ̀kẹ́ ń ṣe kò ní í bẹ̀rù alternator mọ́, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé.

Nínú dáínámò kẹ̀kẹ́, òòfà kan ń yí láàárín wáyà kópà tí wọ́n wé jọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi hàn pé òòfà tó bá ń rìn lẹ́bàá wáyà á mú iná mànàmáná jáde ni Michael Faraday, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1831. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, kò sì lọ sí yunifásítì kankan. Iṣẹ́ ìdìwé ló kọ́ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà èwe. Mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ rẹwáyà létí èyí, nítorí àwọn kan rò pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kéré.

Láti ibẹ̀ dé inú mọ́tò, nǹkan mẹ́ta ló yí padà. Àkọ́kọ́ ni agbára. Dáínámò kẹ̀kẹ́ kì í sábà ju fóòtì 6 àti wọ́ọ̀tì 3 lọ. Alternator Toyota Corolla lè mú nǹkan bí ampere 80 jáde ní fóòtì 14, èyí tó lé ní wọ́ọ̀tì 1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí “I pass my neighbour”, nǹkan bí wọ́ọ̀tì 650 ni tirẹ̀. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìn yín, tí ẹ kì í wojú rẹ̀, lágbára ju èyí tó ń pariwo lẹ́yìn ilé lọ.

Èkejì ni òòfà fúnra rẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ jẹ́ òòfà gidi, bí ó ti rí náà ló máa rí títí láé, ìdí nìyẹn tí iná fi ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ yín. Ti mọ́tò jẹ́ irin tí wọ́n wé wáyà mọ́. Ìgbà tí iná bátìrì bá wọ inú wáyà náà ló tó di òòfà. Káábọ̀n méjì tí kò ju ìka ọmọdé lọ ló ń fara nù mọ́ òrùka kópà láti gbé iná yẹn wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ régúlétọ̀ ló ń ṣọ́ ọ: bí iná tó ń jáde bá ti fẹ́ kọjá fóòtì 14 àti díẹ̀, á dín agbára òòfà kù, bí ẹ bá tan AC àti iná iwájú, á fi kún un. Nítorí náà, ẹ sáré ni o, ẹ rọra ni o, iná ò ní í pọ́n.

Ẹ̀kẹta ni dáyóòdù. Iná tó ń ti inú alternator jáde ń lọ, ó ń bọ̀, bíi ti NEPA, bátìrì kò sì lè gba irú iná bẹ́ẹ̀. Dáyóòdù ló ń jẹ́ kó gba ọ̀nà kan lọ, tí kò jẹ́ kó padà. Àìsí dáyóòdù olówó pọ́ọ́kú ló fà á tí àwọn mọ́tò àtijọ́ fi ń lo dáínámò tí iná tirẹ̀ ń gba ọ̀nà kan jáde láìsí dáyóòdù. Volkswagen ìjàpá tí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń gùn nígbà kan, dáínámò ni púpọ̀ nínú wọn ní, bí ẹ bá sì wà nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ lóru, iná rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì bíi ti kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè. Lọ́dún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé alternator sínú Valiant, àwọn yòókù sì tẹ̀lé wọn.

Ìjàpá yẹn tún kọ́ wa ní ohun kan tó ṣì wúlò lónìí. Orí ọ̀pá dáínámò rẹ̀ gan-an ni fáànù tó ń tu ẹ́ńjìn lára wà. Bí bẹ́ẹ̀tì bá já, iná pupa tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan. Ẹ́ńjìn ti fẹ́ jóná. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lọ á kàbámọ̀. Lórí Corolla tó jáde láàárín 2003 sí 2008, èyí tó kún ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀tì gígùn kan ṣoṣo ló ń yí alternator, ẹ̀rọ tó ń fa omi yí ẹ́ńjìn ká, páwà sítíárì àti AC. Nítorí náà, bí iná pupa alábátìrì bá tàn, tí sítíárì sì tún le lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa ẹ́ńjìn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ inú igbó. Bẹ́ẹ̀tì ló já. Ṣùgbọ́n bí sítíárì bá rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, tí ìgbóná ẹ́ńjìn kò gòkè, alternator nìkan ló ṣíwọ́. Ẹ pa AC àti rédíò, kí ẹ máa rọra lọ ilé lórí bátìrì. Lọ́sàn-án, bátìrì tó dára lè gbé yín jìnnà. Lóru, iná iwájú méjèèjì nìkan ń jẹ ampere 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní í fẹ́ kó kú fún yín láàárín Ọ̀mù-Àrán àti Ajásẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n sọ pé “bátìrì mi ti kú”, kí wọ́n ra tuntun, kí tuntun náà sì kú lọ́jọ́ kejì. Ẹ ra mítà kékeré tàbí kí ẹ yá a. Ẹ wọn orí bátìrì ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ṣí ẹ́ńjìn: tó bá wà ní nǹkan bí fóòtì 12.6, ó yó. Ẹ ṣí ẹ́ńjìn, ẹ tún wọ̀n ọ́n: ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tó bá ṣì ń wà ní 12, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ alternator. Tó bá kọjá 15, régúlétọ̀ ti bàjẹ́, bátìrì á máa hó, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kí ẹ tó dá alternator lẹ́bi, ẹ wo fíúsì ńlá tó wà nítòsí bátìrì, ẹ wo bẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dẹ̀, kí ẹ sì ha ìdọ̀tí funfun tó ń hù lórí bátìrì kúrò. Mo ti rí ọkọ̀ tí ìdọ̀tí yẹn nìkan jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ní láti bá àwọn rẹwáyà wa jà lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti dán alternator wò, á tú orí bátìrì kúrò nígbà tí ẹ́ńjìn ń ṣiṣẹ́: bí ẹ́ńjìn kò bá kú, alternator dára. Ẹ̀tàn ni. Láyé ìjàpá, kò sí kọ̀ǹpútà nínú mọ́tò tí yóò jóná. Lónìí, bí wọ́n bá fa bátìrì yọ bẹ́ẹ̀, iná tó ń jáde lè fò kọjá fóòtì 40 kí régúlétọ̀ tó rí i mú, kọ̀ǹpútà náà, brain box tí owó rẹ̀ ju ti alternator lọ, á sì gbà á sára. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ sọ fún ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé mítà ni kó lò.

Ó wá ku iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn tutù pátápátá, kí ẹ sì fi fóònù ya bí bẹ́ẹ̀tì ṣe gba ara àwọn púlì kọjá. Ẹni tó bá fojú di àwòrán yìí á fi wákàtí kan wá ọ̀nà tí bẹ́ẹ̀tì gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú orí nẹ́gítíìfù bátìrì kúrò, kí ẹ sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí kì í ṣe àṣà lásán. Wáyà tó nípọn tó wà lẹ́yìn alternator ti so mọ́ pósítíìfù bátìrì tààrà, iná wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru bí kọ́kọ́rọ́ bá tilẹ̀ wà lápò yín. Bí sípáná yín bá kan án tó sì kan ara ọkọ̀, iná á là, irin á yọ́. Nẹ́gítíìfù ni a sì ń kọ́kọ́ tú nítorí gbogbo ara ọkọ̀ ni nẹ́gítíìfù. Bí sípáná bá kan irin nígbà tí ẹ ń tú u, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Lára Corolla tí mo sọ yìí, ọwọ́ irin kan tó ní sípírínì ló ń fa bẹ́ẹ̀tì le. Ẹ fi sípáná 19 mú bóòtù rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síhà tí bẹ́ẹ̀tì yóò fi dẹ̀, kí ẹ sì fa bẹ́ẹ̀tì kúrò lórí púlì alternator. Sípírínì náà lágbára, ẹ má fi ìka sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tù 10 ló di wáyà ńlá mú lẹ́yìn, rọ́bà kékeré sì wà lórí rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ahọ́n kan tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó jáde. Ooru ti sọ ọ́ di gbígbẹ, nítorí náà ẹ má fi ipá fà á, yóò kán. Ó ku bóòtù tó di ara alternator mú, 12 àti 14. Bí ìpẹtà bá ti mú wọn, ẹ bu epo sí wọn lára kí ẹ lọ jẹun. Alternator kì í fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, etí rẹ̀ máa ń há sáàárín irin. Ẹ mì ín sọ́tùn-ún, ẹ mì ín sósì. Ó tó kìlógíráàmù mélòó kan, kó má bọ́ lé yín lẹ́sẹ̀. Lórí àwọn ọkọ̀ tí kò ní ọwọ́ sípírínì, bóòtù kan wà tí ẹ ó máa yí láti dẹ bẹ́ẹ̀tì tàbí láti fà á le, gbogbo yòókù bákan náà ni.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ ń rà, ní Ìlọrin tàbí ní Ládipọ̀ l'Ékòó, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ. Ẹ ka ìlà tó wà lára púlì méjèèjì, ẹ ka irin tó wà nínú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì wo bóyá ihò bóòtù bá ara mu. Ẹ fi ọwọ́ yí i: kó yí láìpariwo, kó má sì mì. Kí ẹni tó tà á fún yín dán an wò níwájú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí ẹ gbà tú u lẹ ó gbà dè é padà, nẹ́gítíìfù ni ẹ ó sì dè kẹ́yìn. Ẹ ṣí ẹ́ńjìn, iná pupa yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ wọn bátìrì, ẹ tan iná iwájú àti AC, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá 13, iṣẹ́ yín pé.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí n kò ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dán an wò nílé: èyí tí alternator rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé ẹ ní láti gbé ọkọ̀ sókè lórí jáàkì kí ẹ tó dé ibẹ̀, àti àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tuntun tí kọ̀ǹpútà wọn ń fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpààrọ̀. Ẹ gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Jáàkì nìkan kò tó láti gbé ọkọ̀ lé orí ènìyàn.

Ẹ má sì sọ ti àtijọ́ sààtàn o. Káábọ̀n tó ti jẹ tán ló ń bàjẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, tàbí bẹ́ríǹgì, owó kékeré ni méjèèjì. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà àdúgbò yín, kó tú u níwájú yín, kó fi káábọ̀n tuntun sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sílé de ọjọ́ mìíràn.