Ọ̀wẹ̀ Kọ̀ǹpútà, àti Ohun tí a ó Ṣe bí Káàdì Àwòrán bá Kọ Iṣẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀wẹ̀. Bí oko bá pọ̀ jù fún àgbẹ̀ kan, a bẹ àwọn ará àti ọ̀rẹ́. Olúkúlùkù a gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá, wọn a sì pín iṣẹ́ náà láàrin ara wọn. Irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń bẹ àwọn oníkọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Wọn a gé ìṣirò ńlá sí wẹ́wẹ́, wọn a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá yọ̀ǹda ẹ̀rọ rẹ̀ ní àkókò tí kò fi í ṣe nǹkan.

Ètò tí ń pín iṣẹ́ náà ni BOINC, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ní 2002. Nípa rẹ̀ ni àwọn olùyọ̀ǹda Einstein@Home fi rí ìràwọ̀ kan ní 2010 tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ní oṣù Kẹwàá 2019, Yunifásítì Delft ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì gbé irú iṣẹ́ kan kalẹ̀ lórí World Community Grid láti ṣe ìṣirò òjò ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà. Ẹni tí ó bá mọ bí àgbẹ̀ Kwara ti ń wo ojú ọ̀run nígbà tí iṣu ń retí òjò kì yóò béèrè ìdí rẹ̀.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dàbí ọ̀gá ilé-ìwé tí ó lè ṣe ìṣirò líle, ṣùgbọ́n tí ń ṣe wọ́n díẹ̀díẹ̀. Káàdì àwòrán dàbí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí olúkúlùkù ń ṣe ìṣirò kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni káàdì fi ń yára jù nínú iṣẹ́ tí ó bá a mu. Iṣẹ́ òjò náà kò lo káàdì; ṣùgbọ́n ní 2021, World Community Grid gbé èyí tí káàdì lè ṣe jáde fún wíwá oògùn àrùn Kòrónà.

Kí a tó sọ pé káàdì kọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a wádìí bóyá ó kàn ń dúró ni. Bí a kò bá yí i padà, BOINC kì í lo káàdì nígbà tí onílé bá wà lórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yọ ètò náà kúrò, tí wọ́n sì tún fi í sí i, nígbà tí káàdì kàn ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì wò ó.

Bí kò bá tún ṣiṣẹ́, ẹ ka ìwé àkọsílẹ̀ tí BOINC ń kọ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Níbẹ̀ ni yóò ti dárúkọ káàdì tí ó rí. Bí ó bá wí pé òun kò rí ọ̀kan tí ó ṣeé lò, ó ṣeé ṣe kí àléébù wà lọ́dọ̀ ògbufọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rọ àti káàdì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní dírẹ́bà. Èyí tí Windows bá fúnra rẹ̀ mú wá lè máà gbọ́ èdè OpenCL. Ẹ lọ gba èyí tí ẹni tí ó ṣe káàdì náà gbé jáde, ìbáà ṣe NVIDIA, AMD tàbí Intel. Lórí Linux, nouveau kò gbọ́ èdè CUDA rárá, a sì lè ní láti fi orúkọ boinc sínú ẹgbẹ́ video tàbí render kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ káàdì.

Èyí tí ó burú jù ni káàdì tí ń gba iṣẹ́ tí ó sì ń bà á jẹ́. Ní Ìlọrin níhìn-ín, ooru oṣù Kẹta àti eruku ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí: eruku a di fáànù, káàdì a gbóná, ìṣirò a sì ṣì. Ẹ nu ún, kí ẹ sì dá eré rẹ̀ padà sí bí wọ́n ti ṣe é bí ẹnikẹ́ni bá ti mú un yára jù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tí ó tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni a ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ méjì láti fi èsì wọn wéra. Bí wọn kò bá dọ́gba, a ó tún rán ẹ̀rọ kẹta. Káàdì aláìsàn kan ń tipa bẹ́ẹ̀ fi làálàá ẹlòmíràn ṣòfò.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Ẹ má kó iṣẹ́ púpọ̀ jọ, nítorí gbogbo wọn ni ó ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dá wọn padà. Èmi kò gbà pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ọ̀wẹ̀ yìí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ sọ fún ètò náà kí ó má gba iṣẹ́ tuntun fún káàdì. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè máa bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ fi orúkọ káàdì, nọ́ńbà dírẹ́bà, àti àwọn ìlà àkọ́kọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ bí wọ́n ti rí gan-an.