Ère Tí Ó Di Eré

Ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì yìí: ère, eré. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Lónìí, a fẹ́ sọ bí ère kan ṣe di eré.

Ère náà wà ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin oníjó ni. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé orí sókè. Edgar Degas, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó fi ìda mọ ọ́n. Ó wọ aṣọ ijó gidi fún un, ó sì fi irun sí i lórí.

Ta ni ọmọ náà? Marie van Goethem ni. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1865. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Wọn kò lówó lọ́wọ́. Ní 1878, Marie wọ ilé ẹ̀kọ́ ijó ní ilé eré ńlá Paris. Degas ń ya àwòrán rẹ̀. Lórí ìwé àwòrán kan, ó kọ orúkọ ọmọ náà àti àdírẹ́sì ilé wọn sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní 1881, Degas gbé ère náà jáde nínú àpótí gíláàsì. Àwọn kan yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bú u. Wọ́n ní ojú ọmọ náà jọ ti ọ̀bọ. Marie fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1882, wọ́n lé e kúrò ní ilé eré, wọ́n ní kì í wá déédéé. Lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Degas kú ní 1917. Wọ́n wá fi idẹ rọ ẹ̀dà ère náà, ó sì tàn ká ayé. Ère di olókìkí, ẹni tí ó ni ojú di ẹni ìgbàgbé.

Ní 1914 kọ́, ní 2014 ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ìtàn yìí di eré olórin, ní Washington kan náà. Lynn Ahrens kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Stephen Flaherty ṣe orin rẹ̀, Susan Stroman sì darí ijó. Marie méjì ni ó wà nínú eré náà: ọmọdé ń jó, àgbàlagbà ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o! Ohun tí Marie àgbà sọ níbẹ̀, àròsọ ni. Òun fúnra rẹ̀ kò fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wa tí ó sọ bí ó ti rí lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ẹ mú kálámù. Ẹ kọ orúkọ yín, ti àwọn ọmọ yín, àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹni tí kò kọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ ọ́ fún un, bí ó bá ti wù ú.