Ẹ Wo Ọjọ́ Orí Táyà Kí Ẹ Tó Gba Òrè Kọjá

Ìkóríta ńlá ni Òrè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Eré ni ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin máa ń bá gba ibẹ̀ kọjá. Bí táyà bá bẹ́ lórí irú eré bẹ́ẹ̀, apá awakọ̀ lè má ká ọkọ̀ mọ́.

Táyà a máa darúgbó, bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti ooru ń mú kí rọ́bà gan, kí ó sì máa sán. Ohun tó fi ń tan ẹni tó ń ra táyà tòkunbọ̀ nìyẹn: ojú rẹ̀ lè nípọn, kí ara rẹ̀ sì ti gbó. Oko rọ́bà wà ní Àrárọ̀mí-Obù nítòsí Òrè, ṣùgbọ́n Michelin ṣíwọ́ ṣíṣe táyà ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop ṣíwọ́ ní Ìkẹjà ní 2008. Láti òkèèrè ni a ti ń kó o wọlé báyìí.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní kí a má lo táyà ju ọdún mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná jù.

Bó sì jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ yẹ táyà rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Táyà tuntun wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò láàrọ̀.