Ojú Tí Kì Í Lè Kàwé Pẹ́

Ẹni tí ń kàwé ní láti yí ojú méjèèjì síhà imú, kí wọ́n lè jùmọ̀ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà, kì í lè ṣe èyí pẹ́. Orí a máa fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ a sì máa di méjì. Oníṣègùn ojú lè kọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí a kọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, bí 73 nínú 100 ni ó rí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yìí kì í ṣe ìsọ̀yè. Ìwádìí 2019 fi hàn pé òun nìkan kò fi kún òye ìwé kíkà. Síbẹ̀, kí a tó pe ọmọ ní olódo, ó yẹ kí a yẹ ojú rẹ̀ wò.