Bí a ṣe ń dá ẹ̀ka adáhunṣe sílẹ̀ nínú eré orí tábìlì

Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan á jẹ́ adarí, òun ló ń sọ ìtàn. Àwọn tó kù á mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún ló sì máa ń sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí èèyàn lè mú ni ti adáhunṣe, ẹni tó fi ìwé àti ìkọ́ṣẹ́ mọ ọfọ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò yi, ṣùgbọ́n ọfọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ka ló ń ya adáhunṣe kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ìwé òfin ọdún 2014 ní ẹ̀ka mẹ́jọ. Ti ọdún 2024 mú mẹ́rin, agbára ẹ̀ka sì ń wá ní ìpele 3, 6, 10 àti 14. Ẹni tó bá mọ odò Erinlẹ̀ tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun á tètè lóye rẹ̀: odò kan ni, ṣùgbọ́n ó ní ibú púpọ̀, ibú kọ̀ọ̀kan ló sì ní Erinlẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Èyí tó dára jù lójú tèmi nínú àwọn ẹ̀ka tó wà nílẹ̀ ni ti aláyẹ̀wò. Bó bá jí, á ta dáìsì olójú ogún méjì, á kọ iye tó jáde sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, á fi ọ̀kan nínú wọn rọ́pò ohun tí òun tàbí ẹlòmíì fẹ́ ta. Agbára yìí kò fún un ní ọfọ̀ tuntun kankan, síbẹ̀ gbogbo ìpinnu ọjọ́ náà ti yí padà.

Ká wá dá tiwa sílẹ̀. Ara òrìṣà Erinlẹ̀ la ó ti mú ẹ̀ka àkọ́kọ́. Ìlú Ìlobùú ni ojúbọ rẹ̀ tó lókìkí jù wà. Ọdẹ ni, oníṣègùn ni, ó wọlẹ̀, ó di odò. Ní Kúbà, níbi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé, Inle ni wọ́n ń pè é, oníṣègùn náà ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Ẹnìkan á ní olórìṣà ló yẹ kí ẹ̀dá tiwa jẹ́, kì í ṣe adáhunṣe. Adáhunṣe tiwa kò bọ Erinlẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ àti ewé ló kọ́.

Ìwòsàn ni ọwọ́ máa ń yá láti kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iṣẹ́ àwọn àwòrò ni ìwòsàn nínú eré yìí. Bí adáhunṣe bá ń wo èèyàn sàn bíi tiwọn, tó tún ń ju iná láti òkèèrè, kí ni àwòrò ń wá nídìí tábìlì? Nítorí náà, ewé ni mo fún un. Ní ìpele 3, láràárọ̀, á já ewé tó bá ìwọ̀n làákàyè rẹ̀ mu. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ +3 á já mẹ́ta, ewé kan á sì dá ẹ̀mí tó tó dáìsì olójú mẹ́fà kan padà. Tí a bá pín in dọ́gba, dáìsì yẹn jẹ́ 3.5, gbogbo ewé ọjọ́ kan á jẹ́ 10.5. Ọfọ̀ ìwòsàn méjì péré ni àwòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé tí kò bá lò kó tó sùn ti gbẹ nìyẹn.

Ìpele 6 àti 10 kò le: ọ̀kan fún títọ ipasẹ̀ ẹran, ọ̀kan fún mímí nínú omi. Ní ìpele 14, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá fẹ́ bọ́, á wọlẹ̀, á di omi títí ìjà á fi parí. Ọ̀tá kò lè fọwọ́ kàn án, òun náà kò sì lè pe ọfọ̀.

Ẹ̀ka kejì ló dùn mọ́ mi jù, ìlú Ifọ́n ni mo ti mú un. Òrìṣà Olúfọ́n, Ọbàtálá tó jẹ́ àgbà aláṣọ funfun, ń lọ kí Ṣàngó. Ifá ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe ráhùn, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ rí. Èṣù da epo sí i láṣọ, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè ẹṣin kàn án, wọ́n tì í mọ́lé fún ọdún méje, òjò sì kọ̀, kò rọ̀. Sùúrù ni agbára ẹ̀ka yìí. Bí ọ̀tá bá ṣe é léṣe, tí ọwọ́ wá kàn án tí kò gbẹ̀san, á fi dáìsì olójú mẹ́fà kan pamọ́, títí dé márùn-ún. Ó lè ná wọn láti fi dín ìyà tó fẹ́ jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kù. Bó bá gbẹ̀san lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ dànù.

Àwọn kan á fẹ́ fi emu ṣe èèwọ̀ rẹ̀, torí pé èèwọ̀ Ọbàtálá ni lóòótọ́. Ẹ má ṣe é. Ta ló ń bu emu fún ẹ̀dá orí tábìlì? Èèwọ̀ tí kì í wáyé nínú eré kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, agbára ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó ń mú ẹ̀ka jẹ́ ẹ̀ka ni èyí tó ń dun ẹni tó ń ṣeré: ọ̀tá dúró níwájú, ọfọ̀ wà lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ pè é. Ògìyán ti Èjìgbò, Ọbàtálá tó jẹ́ jagunjagun, ẹ̀ka mìíràn nìyẹn pátápátá.

Ẹ má sì sọ ẹ̀ka Ìlobùú àti ti Ifọ́n di ọ̀tá ara wọn. Ìjà ààlà ilẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì lójú ayé, kì í ṣe ohun tí a ń fi dáìsì ṣeré.

Ó wá ku kí ẹ dán an wò. Ẹ fi ẹ̀ka tuntun àti aláyẹ̀wò sínú ìjà kan náà. Bí gbogbo èèyàn bá ń du ẹ̀ka tuntun, ó ti lágbára jù. Bí ẹni tó mú un bá ń gbàgbé láti lò ó, ó ti díjú jù. Mo rò pé ti Olúfọ́n ló máa kọ́kọ́ nílò àtúnṣe: bí ìjà yín kì í bá pẹ́, tí ọwọ́ kì í kan èèyàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, kò ní í rí dáìsì márùn-ún kó jọ láéláé. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta, kí ẹ sì fi olójú mẹ́jọ rọ́pò olójú mẹ́fà.