Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Mẹ́ta Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa ní Woolwich àti Thamesmead

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé. Mo bi í pé níbo ló lọ. Ó ní erékùṣù Mallorca ní Spain ni, pé odindi ọjọ́ márùn-ún lòun fi ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkè, láàárín igi ólífì, tí oòrùn ń ràn tí òkun sì ń dán nísàlẹ̀. Mo béèrè iye tó ná. Nígbà tó sọ ọ́, mo pariwo. Mo ní ṣé èèyàn tún máa ń sanwó kó tó fẹsẹ̀ rìn ni? Bàbá mi rin máìlì mẹ́rin lọ sóko lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kò san kọ́bọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí níbi tí mò ń gbé. Mo ní Thamesmead. Ó ní, "Thamesmead kẹ̀? Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dáa wà lẹ́yìnkùlé yín níbẹ̀, ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo sì ti ń gbé ibẹ̀.

Ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò pé oṣù kan tí dókítà fi ránṣẹ́ pè mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ṣe mú 45 wá. Tó bá wà láàárín 42 sí 47, àtọ̀gbẹ ò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá di 48, ó ti wọlé nìyẹn. Wọ́n tún ṣàlàyé fún mi pé láti ọmọ ọdún 25 ni ewu àtọ̀gbẹ yìí ti ń pọ̀ sí i fún àwa aláwọ̀ dúdú, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 40 ni wọ́n ń kà fún òyìnbó. Dókítà ní kí n máa rìn, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìrìn tó máa jẹ́ kí èémí yára díẹ̀. Mo ní mo ń rìn dáadáa: láti ilé dé ibùdókọ̀, láti ibùdókọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ó kàn wò mí, kò fèsì.

Ta ló ni igbó yìí?

Kí n má parọ́, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Nílé, èèyàn kì í dédé wọ igbó. Ọdẹ ló ń wọ̀ ọ́, tàbí àgbẹ̀, tàbí ẹni tó ń já ewé. Ẹni tí kò bá sí nínú mẹ́ta yìí, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá. Níbí náà, mo máa ń rò ó pé tí wọ́n bá rí ọkùnrin dúdú kan tó ń dá rìn láàárín igi, ẹnì kan lè pe ọlọ́pàá.

Màmá mi ló tú u palẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n wá kí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n jókòó sínú ilé títí ó fi sú wọn. Mo mú wọn lọ sí Lesnes ní ọjọ́ Sátidé kan. A dé ẹnu igbó, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ta ló ni igbó yìí? Ṣé ẹ ti tọrọ àyè?" Mo fi òpó kékeré kan hàn wọ́n tó ní ọfà àti orúkọ ọ̀nà lára. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Àálẹ̀ wọn nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ẹ mọ àálẹ̀, ohun tí olóko máa ń so mọ́ igi láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń kọjá pé kó má fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ẹ̀yìn àálẹ̀ nìyí, Màmá. Èyí ń sọ pé kí ẹ máa bọ̀ ni." Òótọ́ sì ni. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ gbogbo ará ìlú ni, ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á, bó tiẹ̀ la oko olóko kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ Bexley ló sì ń tọ́jú Lesnes, ti Greenwich ló ń tọ́jú igbó Oxleas. Owó orí ilé tí à ń san fún wọn lóṣooṣù wà nínú ẹ̀. Tiwa ni.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mẹ́ta tí èmi fúnra mi ti rìn ni mo fẹ́ júwe.

Ọ̀nà kìíní: etí odò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Woolwich, níbi ilé bíríkì róbótó tí wọ́n ti ń wọ ọ̀nà abẹ́ odò tí wọ́n ṣí ní 1912. Ẹ má wọ abẹ́ odò o. Ẹ kọjú sí ìlà oòrùn, kí odò Thames wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹ máa gba Royal Arsenal kọjá, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ńlá láyé àtijọ́, ẹ ó sì bá àwọn ère irin tó dúró bí èèyàn pàdé. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé Thamesmead àti Crossness. Ó máa gbà tó wákàtí méjì àbọ̀ bí ẹ ò bá kánjú.

Apá kan nínú ọ̀nà tó yí etíkun England ká, tí wọ́n fi orúkọ Ọba Charles Kẹta pè, bẹ̀rẹ̀ níbí gan-an. Ní 2022 ni wọ́n ṣí apá náà, láti Woolwich dé Grain ní Kent. Gbogbo ọ̀nà etíkun ọ̀hún tó nǹkan bí máìlì 2,700.

Bí ẹ bá dé ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, ní Tripcock Ness, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ elédùú kan ti kọlu ọkọ̀ ìgbafẹ́ Princess Alice ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1878. Ó lé ní 600 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá àti ọmọ tó ń ti ìgbafẹ́ bọ̀.

Ọ̀nà kejì: orí páìpù

Èyí máa yà yín lẹ́nu. Ọ̀nà gíga kan wà tó ti Plumstead wá, tó gba Thamesmead kọjá lọ sí Crossness. Ridgeway ni wọ́n ń pè é. Ó tó nǹkan bí máìlì méjì. Páìpù ìgbẹ́ London ló wà lábẹ́ ẹ̀!

Ní 1858, òórùn odò Thames burú débi pé àwọn aṣòfin ò lè fara dà á mọ́. Àrùn onígbáméjì sì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú ìgbà náà. Ẹnjiníà Joseph Bazalgette ló ṣe páìpù tó kó ìdọ̀tí ìlú jáde. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀rọ Crossness ní 1865. Ilé náà ṣì wà, irin aláràbarà tó wà nínú ẹ̀ lẹ́wà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i fún àlejò kẹ́ ẹ tó lọ.

Kò sí òkè níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọ lè kọjá. Ó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láti òkè ibẹ̀, ẹ ó rí i pé irà ni Thamesmead tẹ́lẹ̀. Ní 1968 ni ìdílé àkọ́kọ́ kó dé. Nítorí omíyalé 1953, wọn ò fàyè gba yàrá gbígbé nísàlẹ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé àwọn ilé àkọ́kọ́ àti ọ̀nà wọn sókè. Àwọn adágún tí àwọn ọmọ wa ń bọ́ pẹ́pẹ́yẹ nínú wọn, tó fi mọ́ Southmere, iṣẹ́ wọn ni láti gba omi òjò.

Ọ̀nà kẹta: igbó àti òkè

Èyí ni baba wọn. Láti Southmere, ẹ tẹ̀ lé àmì Green Chain lọ sí Lesnes, kò tó ìdajì wákàtí. Àwókù ilé àwọn àlùfáà tó wà níbẹ̀ ti wà láti 1178. Richard de Luci, olóyè ńlá lábẹ́ Ọba Henry Kejì, ló dá a sílẹ̀. Wọ́n tì í pa ní 1525. Nínú igbó tó wà lẹ́yìn ẹ̀, òdòdó máa ń kún ilẹ̀ láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún, èyí aláwọ̀ ìyeyè ló kọ́kọ́ ń yọ, ti aláwọ̀ aró tẹ̀ lé e. Orí koríko níbẹ̀ ni màmá mi jókòó sí, tí wọ́n ń wo gbogbo London nísàlẹ̀, tí wọn ò fẹ́ kí á lọ sílé mọ́.

Ẹ bá ti Bostall lọ sí Oxleas, ó kù bíi wákàtí méjì. Ó ti lé ní ọdún 8,000 tí igi ti wà ní Oxleas. Ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba àárín ẹ̀ kọjá, àwọn ará àdúgbò kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, títí tí ìjọba fi jọ̀wọ́ ẹ̀ ní 1993. Lókè Shooters Hill, tó ga ní mítà 132, ilé gogoro Severndroog wà níbẹ̀ tí opó kan kọ́ ní 1784 fún ìrántí ọkọ ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, bọ́ọ̀sì 89 àti 486 ń gba orí òkè náà.

Ẹni tó bá wà ní Woolwich lè gba Capital Ring dé Oxleas kan náà. Ọ̀nà yìí yí London ká ní máìlì 78. Abala àkọ́kọ́, máìlì méje, bẹ̀rẹ̀ níbi ọ̀nà abẹ́ odò, ó sì gba Maryon Wilson Park, níbi tí àwọn ọmọ ti lè rí àgbọ̀nrín.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Ẹ wọ bàtà tó gbá ilẹ̀ mú, ẹrẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nítorí eégbọn àti èsìsì. Èsìsì òyìnbó ń jó ju bó ṣe rí lọ. Bí ẹ bá rí olú, ẹ má ṣe já a. Olú tí à ń jẹ nílé kọ́ nìyẹn, èyí tó ń pani wà nínú wọn. Nígbà òtútù, aago mẹ́rin ni ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ tètè jáde. Oòrùn ibí ò tó ti Spain, awọ ara wa sì nílò ju ti òyìnbó lọ, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí olóògùn nípa fítámì D.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ridgeway nìkan ni mo kọ́kọ́ ń rìn, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo dé Lesnes. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó dé Oxleas láìjókòó. Mo dín iyán alẹ́ kù pẹ̀lú, mi ò ní sọ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ṣe é. Àyẹ̀wò tí mo ṣe lẹ́yìn ọdún kan mú 41 wá. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó má torí èyí dá a dúró o.

Màmá mi ti padà sílé. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ti lọ sí igbó wa lọ́sẹ̀ yìí?"

Igbó wa. Sátidé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó múra òde àríyá, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó dìgbà o.