Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Kọ́ Ara Wọn Ní Iṣẹ́ Ọnà

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí a ń torí rẹ̀ na ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwa kò rí ìdí rẹ̀: pé ó wo iṣẹ́ ọmọ tí ó jókòó tì í. Bí ó bá ṣe ìṣirò ni, ó yé wa. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ àwòrán, kí ni ojú wà fún bí kò ṣe láti wò? Olùkọ́ a ya ife sí ojú pátákó, ogójì ọmọ a sì ya ife kan náà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ́ a gba òdo. Kí ó tó dé kíláàsì kẹrin, ọmọ náà yóò ti máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ àwòrán yà.

Àwọn baba wa kò kọ́ iṣẹ́ ọnà báyìí. Ní ibi iṣẹ́ agbẹ́gilére, ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní: ọnà lílé, tí a fi ń la orí, ara àti ẹsẹ̀ ère jáde lára igi, àlétúnlé, tí a fi ń yọ àwọn ibi kéékèèké, dídán, tí a fi ń mú kí ó jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí í ṣe ti ojú, irun àti ilà. Ọ̀gá a di ibi tí ó le mú, àwọn ọmọọṣẹ́ a gba ìyókù, èyí tí ó ti pẹ́ a sì máa fi han èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Lábẹ́ George Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti tún iṣẹ́ kọ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìdílé agbẹ́gilére ni láti Ìlá Ọ̀ràngún.

Kì í sì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní Zaria ní 1958, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàrin ara wọn. Ọ̀nà Yúróòpù ni a fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Lẹ́yìn kíláàsì, wọn a péjọ láti jíròrò lórí ọnà ilẹ̀ wọn, títí ẹgbẹ́ náà fi tú ká ní 1961. Àwa tí a rékọjá òkun lọ kàwé, wọ́n sọ fún wa nípa Franz Cizek, ẹni tí ó dá kíláàsì ọnà fún àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Vienna ní 1897. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ọyẹ́ kò jìn tó ti Vienna.

Báwo ni olùkọ́ yóò ti ṣe é? Kí ó pín àwọn ọmọ ní márùn-ún márùn-ún. Kí ó lẹ bébà àpò sìmẹ́ǹtì pọ̀ títí yóò fi fẹ̀ bí ẹní, kí ó fún wọn ní èédú, ẹfun, osùn àti aró, kí ó ní kí wọ́n ya ọjà ìlú wọn, kí ó sì fà sẹ́yìn. Ariwo yóò sọ. Ọ̀kan yóò ní kí orí aláta tóbi, èkejì yóò ní irọ́ ni, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn orí ara wọn. Ọmọ tí ó ti mọ̀ pé bí a bá fi ìka pa èédú yóò di òjìji, yóò fi han ẹnìkejì kí olùkọ́ tó dìde.

Òótọ́ ni pé alágídí kan yóò fẹ́ gba gbogbo èédú, ọ̀lẹ kan yóò sì káwọ́ gbera. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Kí ẹni tí ó fa ìlà lónìí fọ abọ́ ọ̀dà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí olúkúlùkù jáde síwájú sọ apá tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá gba èédú lọ́wọ́ ọmọ láti bá a tún un ṣe, ó ti ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, ọmọ tí ó lé ní 800,000 ni ó wọ ilé-ìwé lọ́dún náà. Kíláàsì ṣì ń kún títí di òní, olùkọ́ kan kò sì lè dé ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọmọ láàrin ogójì ìṣẹ́jú. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin alábẹ̀wò ilé-ìwé: bí ẹ bá gbọ́ ariwo ní wákàtí àwòrán, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lára ògiri kí ẹ tó bèèrè orúkọ olùkọ́.